Ẹ Bi Wá Léèrè: Judge ló tọ́ sí ni, àbí Ohtani?

Láti ìgbà tí mo ti dáhùn ìbéèrè kan lórí béésìbọ́ọ̀lù ní ojú ewé yìí, ẹ ò jẹ́ kí n rímú mí mọ́. Ó jọ pé láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ, agbo ilé tí kò ní ọmọ kan ní Amẹ́ríkà ti ṣọ̀wọ́n, ọmọ ọ̀hún á sì máa fi eré tí bàbá àti ìyá ò wò rí dà wọ́n láàmú lórí fóònù. Èmi fúnra mi, rẹfirí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni mí kí orúnkún tó ní kí n jókòó. Eré tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́ ní New York nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago méjìlá òru ló ń bá wa níhìn-ín, ẹ má rò pé mo ń jókòó tì í. Àárọ̀ ni mo ń ka àbájáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbò àti ìdájọ́, ìyẹn dùn mọ́ mi ju eré gan-an lọ. Sáà 2022 ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà yín dá lé.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní New Jersey ṣì ń yọ̀ mọ́ mi pé Judge tiwọn ló gba ẹ̀bùn eléré tó wúlò jù lọ ní 2022. Mo ní, ṣé kì í ṣe ọmọ Japan yẹn ló ń ju bọ́ọ̀lù, tó tún ń gbá a? Ẹnì kan ṣe iṣẹ́ méjì, ẹnì kan ṣe ẹyọ kan, wọ́n wá gbé ẹ̀bùn fún ẹlẹ́yọ kan. Ṣé kò sí màgòmágó níbẹ̀? (Káfíńtà kan, Kétu)*

Bàbá mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Màgòmágó kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú tó ń bí yín nídìí.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé àwọn tí kò wo eré náà rí. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kejì á fi igi gbá a. Bí igi bá gbé bọ́ọ̀lù náà kọjá ọgbà pápá, home run nìyẹn, ẹni tó gbá a á rọra sáré yípo, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró. Iṣẹ́ ajubọ́ọ̀lù àti iṣẹ́ afigigbá kò jọra rárá, ẹni tó bá sì dé ipele àgbà, ọ̀kan ló máa ń mú. Ẹ̀yin ará Kétu lẹ mọ̀ ọ́n jù: ẹni tó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kọ́ ló ń lùlù fún ara rẹ̀. Shohei Ohtani ń gbé e, ó tún ń lu ìlù rẹ̀.

Ní 2022, ó gbá home run 34. Nídìí jíjù, ó borí nínú eré 15, ó pàdánù 9, ó lé afigigbá 219 padà láìjẹ́ kí wọ́n rí bọ́ọ̀lù gbá. Bí a bá pín àmì tí wọ́n rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ìwọ̀n odidi eré kan, 2.33 ni; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó fún ajubọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó tíì kúnjú ìwọ̀n nínú jíjù àti nínú gbígbá lọ́dún kan náà, ìyẹn ni pé kó ṣe iṣẹ́ méjèèjì tó iye tí wọ́n fi ń ka ẹni mọ́ àwọn tó ń du oyè, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń gbá World Series, ìdíje àṣekágbá wọn, àfi òun. Babe Ruth pàápàá, tí wọ́n ń fi búra lọ́hùn-ún, kò ṣe é.

Ó dáa. Ẹ wá wo Aaron Judge. Home run 62! Ẹni tó tẹ̀ lé e nínú líìgì méjèèjì tí wọ́n ní lọ́hùn-ún, Kyle Schwarber, 46 ló ní. Nínú líìgì ti Judge gan-an, ìyẹn American League, Mike Trout ló ṣe ìkejì pẹ̀lú 40. Ẹ sì rántí pé ọdún náà le fún afigigbá. Ìpíndọ́gba gbogbo wọn jẹ́ .243: nínú ìgbà 1,000 tí wọ́n gbé igi dání, 243 péré ni wọ́n gbá a tó sì já sí rere. Kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀ láti 1968. Lọ́dún tí ojú ń pọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ báyìí, Judge gbá .311. Òun ló ṣíwájú líìgì rẹ̀ nínú home run, òun náà ló ṣíwájú nínú àmì tó tipa gbígbá rẹ̀ wọlé, 131. Ọmọ Venezuela kan, Luis Arraez, ló fi .316 já oyè ìpíndọ́gba gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Díẹ̀ báyìí ló kù kó kó oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nọ́ńbà 62 yẹn fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Roger Maris gbá 61 ní 1961, kò sì sí ẹni tó kọjá rẹ̀ ní American League títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2022, nígbà tí Judge gbá tirẹ̀ ní Texas. Ní National League, Mark McGwire, Sammy Sosa àti Barry Bonds ti kọjá ibẹ̀ ní tiwọn, Bonds tiẹ̀ dé 73 ní 2001. Ṣùgbọ́n McGwire fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ní 2010 pé òun lo oògùn amúnilágbára, àwọn méjì yòókù náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ìfura. Ẹ lè rí ìdí tí àwọn kan fi ń pe 62 ní iye tó mọ́.

Èmi ńkọ́? Judge ni ǹ bá kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe nítorí ohun tí ọmọ yín ń sọ, torí mo mọ ohun tó ń sọ láìgbọ́: pé Yankees ti Judge borí nígbà 99, Angels ti Ohtani sì pàdánù nígbà 89. Ẹjọ́ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 2021, Angels pàdánù ju bí wọ́n ṣe borí lọ, síbẹ̀ gbogbo àwọn 30 tó dìbò ló fi Ohtani ṣe ìkíní. Ní 2023 wọ́n tún pàdánù nígbà 89, ó tún kó gbogbo 30 náà. Bí ìpàdánù ẹgbẹ́ kò bá dí i lọ́wọ́ lọ́dún tó ṣáájú àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e, báwo ló ṣe máa wá jẹ́ pé òun ló dí i lọ́wọ́ láàárín? Ẹni tó bá pàdé lọ́nà ló dí i lọ́wọ́. Àwọn oníṣirò kan wà tó máa ń ro gbogbo iṣẹ́ eléré pọ̀, jíjù, gbígbá, sísáré, mímú bọ́ọ̀lù, kí wọ́n lè mọ iye ìborí tó fi kún ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ka iṣẹ́ méjèèjì Ohtani mọ́ ọn pátá, Judge ṣì wà níwájú.

Ibi tí mo ti wà lẹ́yìn yín nìyí. Ojú aráyé tètè ń mọ́ nǹkan lára. Ní 2021 ẹnu ya gbogbo wọn. Ní 2022 ó ju bọ́ọ̀lù ju ti 2021 lọ, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ti padé. Mo gbà gbọ́ pé ká ní 2022 ni wọ́n kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, ìbò ìkíní tó máa bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ á ju méjì tó rí gbà nínú 30 lọ dáadáa. Ẹ fi ìyẹn dá ọmọ yín lóhùn.

*Ẹ̀gbọ́n, ta ní ń dìbò yìí? Mo kà pé Judge ní 410, Ohtani 280. Báwo ni ènìyàn 30 ṣe dìbò tó fi di 410? (Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan, Àjàṣẹ́)*

Àbúrò, mú bíírò. Oníròyìn ni wọ́n, ọmọ ẹgbẹ́ Baseball Writers' Association of America. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 15 ló wà ní American League, oníròyìn méjì méjì ló ń ṣojú ìlú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 30 nìyẹn. Kálukú á to orúkọ mẹ́wàá. Ìkíní gba 14, ìkejì gba 9, ìkẹta 8, títí dé ìkẹwàá tó gba 1. Ènìyàn 28 fi Judge ṣe ìkíní, méjì fi í ṣe ìkejì: 28 lọ́nà 14 jẹ́ 392, fi 18 kún un. Yí i padà fún Ohtani: méjì lọ́nà 14, 28 lọ́nà 9. Ó pé 280 gẹ́lẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ìwé ìbò kan ṣoṣo tí ẹlòmíràn ti rí àárín àwọn méjèèjì wọ̀. Yordan Alvarez ti Houston ló ṣe ìkẹta, lókèèrè réré.

Wo bí ààyè tó wà láàárín ìkíní àti ìkejì ṣe fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ fi ọ ṣe ìkíní mọ̀ pé ohun ńlá lòun ń fún ọ.

Ní ti àwọn méjì tó mú Ohtani, oníròyìn tó ń ṣojú ìlú Angels ni àwọn méjèèjì. Pè é ní ojúsàájú bó bá wù ọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé wọ́n máa ń tẹ ìwé ìbò kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ bá a jà mọ ẹni tó máa bá jà. Nígbà tí mo ń fọn fèrè, èmi nìkan kọ́ ni wọ́n ń bú, ìyá mi náà ń gbà nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí náà mọ̀ ọ́n lára.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: wọ́n ń fi ìbò náà sílẹ̀ kí ìdíje ìparí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe Judge lóore. Houston na Yankees ní ìgbà mẹ́rin léraléra, nínú ìgbà 16 tí Judge gbé igi, ẹyọ kan ṣoṣo ló já sí rere. Houston náà ló gba World Series lọ́dún yẹn.

*Ẹ̀gbọ́n, bùrọ̀dá mi ní wọ́n la ìgbọ̀nwọ́ ajubọ́ọ̀lù kan, ó jókòó sílé lọ́dún kan gbáko, ó padà wá ní ẹni ọdún 39, ó gba ẹ̀bùn. Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò gbà á gbọ́. (Ṣábẹ)*

Ẹ gbà á gbọ́, ìyá nọ́ọ̀sì. Justin Verlander ti Houston ni. Eré ẹyọ kan ló jù ní 2020, apá bàjẹ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò sì ju bọ́ọ̀lù rárá ní 2021. Iṣẹ́ abẹ náà ni wọ́n ń pè ní Tommy John. Dókítà Frank Jobe ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1974 fún ajubọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ orúkọ yẹn: iṣan tó so eegun pọ̀ nínú ìgbọ̀nwọ́ ló já, wọ́n sì yọ iṣan mìíràn lára ẹni náà fúnra rẹ̀, wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Tommy John padà sórí pápá, ó jù títí di 1989. Láti ìgbà náà ó ti di iṣẹ́ ojoojúmọ́ fún àwọn dókítà wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsinmi rẹ̀ máa ń gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Verlander borí nínú eré 18 ní 2022, ó pàdánù mẹ́rin, àmì tí wọ́n ń rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 1.75. Gbogbo oníròyìn 30 ló fi í ṣe ìkíní fún ẹ̀bùn Cy Young, èyí tó wà fún ajubọ́ọ̀lù. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn 2011 àti 2019. Kí bàbá Kétu náà gbọ́: Ohtani ló ṣe ìkẹrin nínú ìbò ajubọ́ọ̀lù yẹn, ìkejì nínú ti eléré tó wúlò jù lọ.

*Kí ló ṣẹlẹ̀ ní líìgì kejì? (Kétu)*

Ní National League, Paul Goldschmidt ti St. Louis ló gba ẹ̀bùn eléré tó wúlò jù lọ, 22 nínú 30 ló fi í ṣe ìkíní. Ó gbá .317, home run 35. Ẹni tó wù mí jù níbẹ̀ ni Sandy Alcantara ti Miami, ọmọ Dominican. Òde òní, wọ́n máa ń pààrọ̀ ajubọ́ọ̀lù kí eré tó parí, òun sì ju odidi eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nígbà mẹ́fà. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí gbogbo àwọn ajubọ́ọ̀lù rẹ̀ lápapọ̀ ṣe tó bẹ́ẹ̀. Òun náà kó gbogbo 30 fún Cy Young.

*Bọ́ọ̀lù 62 yẹn ńkọ́, ta ló mú un? (Onízẹ́mìjàn kan, Ouando)*

Òǹwòran kan ló mú un. Wọ́n fi mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí gbàǹjo lóṣù kejìlá, mílíọ̀nù kan àbọ̀ ló mú wá. Ó ṣì lé ní 900 mílíọ̀nù sẹ́fà, kí n má parọ́, àmọ́ ìdajì owó àkọ́kọ́ ni.