Ẹ má ta Terranigma yẹn, bátìrì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè pé èwo nínú àwọn géèmù àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ jí dìde, tẹ́ ẹ sì ní kátírììjì Terranigma yín kò tọ́jú séèfù, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ bá eré dé, mọ́, pé ṣé kẹ́ ẹ tà á kẹ́ ẹ máa dúró de àtúnṣe tuntun: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Géèmù yẹn kò kú, bátìrì ló kú. Ẹnu ẹni tí séèfù rẹ̀ ti bá bátìrì lọ rí ni mo fi ń sọ ọ́, ó sì ń ta mí lára títí dòní, torí iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan ni ì bá ti yọ mí. Tuntun tẹ́ ẹ fẹ́ dúró dè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ti agbẹjọ́rò, màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba èyí tó wà lọ́wọ́ yín là.

Ilé iṣẹ́ Quintet ló ṣe Terranigma fún kọ́nsóòlù Super Nintendo. Enix gbé e jáde ní Japan lọ́dún 1995, Nintendo gbé e dé Yúróòpù lọ́dún 1996, wọn ò sì tà á ní Amẹ́ríkà rárá. Ìdí nìyẹn tí èyí tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ṣọ̀wọ́n. Nínú kátírììjì náà, géèmù fúnra rẹ̀ wà nínú ṣíìpù tó ń jẹ́ ROM, ìyẹn kò nílò iná kankan kó tó rántí ohun tó wà nínú rẹ̀. Séèfù yín wà nínú mẹ́mórì kékeré kan tó máa ń gbàgbé gbogbo nǹkan bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀. Bátìrì CR2032 onífóltì 3 ló ń bọ́ ọ nígbà tí kọ́nsóòlù bá wà ní pípa. Ìdí rèé tí géèmù fi ń ṣí dáadáa, tí orin rẹ̀ ń dún, àmọ́ tẹ́ ẹ bá padà dé lọ́la, ibi tẹ́ ẹ bá a dé ti pòórá. Bátìrì tuntun máa ń tó fóltì 3.2. Bí mítà tí ń wọn fóltì bá ti fi hàn yín pé ó ń lọ sí 2.5, ẹ má fi falẹ̀ mọ́, torí ní nǹkan bíi fóltì 2 ni mẹ́mórì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan nù. Ọ̀pọ̀ bátìrì wọ̀nyí ló ti lé ní ọdún 25 nínú kátírììjì. Kò sí èyí tẹ́ ẹ lè fọkàn tán nínú wọn.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní ògbóǹtarìgì nínú fídíò ló ba nǹkan jẹ́ jù. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ já bátìrì àtijọ́ kúrò, kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù de tuntun mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti tán. Kò tán o. Gọ́ọ̀mù ara téèpù máa ń rọ̀ bí ooru bá mú un, bátìrì á sún díẹ̀, iná á já bí ẹni ṣẹ́jú, séèfù ọgbọ̀n wákàtí á sì bá a lọ. Ẹ kò ní mọ̀ títí ẹ ó fi tan kọ́nsóòlù.

Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ṣe é nìyí. Síkúrù méjì tó wà lára kátírììjì kì í ṣe irú èyí tí súkúdíráfà lásán ń tú, súkúdíráfà pàtàkì tó ń jẹ́ gamebit, ti 3.8 mílímítà, ló ń tú u. 4.5 ni ti kọ́nsóòlù fúnra rẹ̀, ẹ kúkú ra méjèèjì pọ̀. Ẹ má fi iná yọ́ ìdí báírò láti fi tú u, ike rẹ̀ á ṣẹ́ sínú ihò, iṣẹ́ á wá di méjì. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ẹ ya fọ́tò bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí àmì + hàn kedere nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kátírììjì mìíràn tí séèfù ṣì wà nínú tiẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tí ń ka kátírììjì kó séèfù náà sínú kọ̀ǹpútà. Fáìlì kékeré ni, kílóbáìtì 2 sí 32 ni ti ọ̀pọ̀ géèmù Super Nintendo. Kò sí àwáwí fún ẹni tí kò bá kó o pamọ́.

Yíyọ bátìrì àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba bọ́ọ̀dù jẹ́, nítorí náà màá fara balẹ̀ sọ ọ́. Irin pẹlẹbẹ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bátìrì yẹn, wọ́n wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mọ́ bátìrì ni. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀bẹ tì í sókè láti iwájú, kì í ṣe ẹsẹ̀ ló máa ṣí, bàbà ara bọ́ọ̀dù ló máa ya. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, níbi tí ẹsẹ̀ náà ti yọ jáde, ni kẹ́ ẹ ti jó o. Ẹ gbé soldering iron, irin tí ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì tó so ẹsẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, sí bíi 350 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kì í tètè yọ́, nítorí náà ẹ fi pẹ́ẹ̀sì (flux) sí i, kẹ́ ẹ sì yọ́ lẹ́ẹ̀dì tuntun díẹ̀ lé e lórí, kí méjèèjì dàpọ̀. Ẹsẹ̀ + sábà máa ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹsẹ̀ – ni ọ̀tá yín. Ara bàbà fífẹ̀ tó gba ọ̀pọ̀ ibi lára bọ́ọ̀dù kọjá ló wà, bàbà yẹn sì ń mu ooru bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi. Lẹ́ẹ̀dì kò ní yọ́, èèyàn á rò pé irin ò gbóná tó, á gbé e dé 450, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òrùka bàbà tó yí ihò náà ká á sì bá ẹsẹ̀ jáde. Irin tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe èyí tí ẹnu rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Ẹ fi kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 4, ẹ má tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ kejì rọra mi bátìrì láti iwájú. Bí kò bá dáhùn, ẹ gbé irin kúrò, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kún un, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ihò tó kù á ti dí. Ẹ mú igi ìtayín kan, ẹ jó lẹ́ẹ̀dì láti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fi ṣóńṣó igi náà ti ihò láti iwájú, ẹ gbé irin kúrò, kẹ́ ẹ di igi náà mú títí lẹ́ẹ̀dì á fi dì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yí i, kẹ́ ẹ fà á yọ. Lẹ́ẹ̀dì kì í lẹ̀ mọ́ igi, ihò roboto tó mọ́ lẹ ó rí. Bí òrùka bàbà bá ti já kúrò, ẹ má sunkún. Ẹ tọ ojú ọ̀nà bàbà náà dé ibi tó tún kàn, kẹ́ ẹ fi wáyà tín-ín-rín so ẹsẹ̀ bátìrì mọ́ ibẹ̀.

Bátìrì tó ti ní ẹsẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má jó lẹ́ẹ̀dì sí ojú bátìrì lásán láéláé, lithium ló wà nínú rẹ̀, ó lè bẹ́ lójú yín. Ẹ wo fọ́tò, kí + lọ sí +. Tẹ́ ẹ bá gbé e sódì, kò ní tọ́jú nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá ti parí, ẹ bẹ̀rẹ̀ géèmù, ẹ ṣe séèfù kan, ẹ pa á, ẹ yọ kátírììjì kúrò nínú kọ́nsóòlù, kó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó wò ó. Ẹ má pa á kẹ́ ẹ tún tàn án lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ ní ó ti dára: iná tó ṣẹ́kù sínú bọ́ọ̀dù lè gbé mẹ́mórì ró fúngbà díẹ̀, á sì tàn yín jẹ. Nínu eyín kátírììjì, àwọn irin tó ń wọnú kọ́nsóòlù, ẹ mọ ìyẹn, ọtí isopropyl àti òwú. Ẹ má fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, itọ́ ló ń mú eyín rẹ̀ dípẹtà.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dé orí bátìrì, ẹni tó bá ní Dreamcast, kọ́nsóòlù Sega, nílé gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Bátìrì aago inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí kọ́nsóòlù ń gba iná sí, ML2032 ni. Tí ẹnì kan bá fi CR2032 rọ́pò rẹ̀ torí pé wọ́n jọra, kọ́nsóòlù á máa tì iná sínú bátìrì tí kò yẹ kó gba iná, ó lè jò tàbí kó bẹ́. CR2032 méjì tó wà nínú VMU, káàdì tí Dreamcast ń tọ́jú séèfù sí, kò lọ́wọ́ nínú séèfù ní tiẹ̀, bí wọ́n bá kú séèfù ṣì wà. Saturn, kọ́nsóòlù Sega mìíràn, ni kò ní àánú: CR2032 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń gbé mẹ́mórì inú rẹ̀ ró, kílóbáìtì 32 péré, bó bá sì kú, gbogbo séèfù tó wà níbẹ̀ á kú pọ̀. Ti Game Boy yàtọ̀ láti kátírììjì sí kátírììjì, CR1616 tàbí CR2025 ló sábà máa ń jẹ́, ẹ ka ohun tó wà lójú èyí tẹ́ ẹ bá nínú rẹ̀. Ẹ má sì gba ẹni tó bá sọ fún yín pé Terranigma ti Yúróòpù á ṣiṣẹ́ nínú kọ́nsóòlù Amẹ́ríkà gbọ́. Ìkarahun wọn kò dọ́gba, ṣíìpù ìdènà tó wà nínú wọn kò sì ní gba ara wọn.

Ó dáa, àtúnṣe tẹ́ ẹ béèrè. Ìfẹ́ àwọn tó ń ta géèmù kọ́ ló ń pinnu rẹ̀. Ohun méjì ló ń pinnu rẹ̀: ta ló ni ín lójú òfin, àti pé ṣé kóòdù ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ohun tí àwọn tó ṣe é kọ, ṣì wà. Quintet kò sí mọ́, ẹ wá fojú inú wo bí wọ́n ṣe máa ṣe àdéhùn tuntun. No One Lives Forever ti ọdún 2000, géèmù amí tó dára gan-an, Nightdive, ilé iṣẹ́ tó ń jí géèmù àtijọ́ dìde, fẹ́ tún un gbé jáde, wọ́n kàn sí Warner, Activision àti Fox, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé tòun ni, kò sì sẹ́ni tó gbà láti yọ̀ǹda. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí. Agbẹjọ́rò tí kò lè rí ìwé tó fi hàn pé nǹkan jẹ́ ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì máa ń dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ ṣe é.

Ti kóòdù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Konami ń ṣe Silent Hill HD Collection ti ọdún 2012, kóòdù tí kò tíì parí ni wọ́n rí fún àwọn òṣìṣẹ́, àléébù tí wọ́n ti tún ṣe nígbà àkọ́kọ́ sì tún jáde. Square Enix ní láti tún ọ̀pọ̀ nínú Kingdom Hearts kọ́ kó tó lè jáde lọ́dún 2013, torí ohun tí wọ́n fi ṣe é ti sọnù. Blade Runner ti Westwood, ọdún 1997, kóòdù rẹ̀ sọnù pẹ̀lú. Àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ló tú u palẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn títí ó fi ń ṣiṣẹ́ nínú ScummVM, ètò tí ń mú géèmù àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní, lọ́dún 2019. Èyí tí wọ́n wá tà lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ ló sọ pé ti àtijọ́ dára jù ú lọ.

Àwọn aláṣẹ ńkọ́? Lọ́dún 2023, Video Game History Foundation fi hàn pé nínú géèmù àtijọ́ tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú 2010, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sí lórí àtẹ mọ́. Síbẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwòkọ ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti jẹ́ kí ilé ìkàwé máa jẹ́ kí olùṣèwádìí lo géèmù wọ̀nyí láti ọ̀nà jíjìn. Wọn ò tà á, wọn ò sì jẹ́ kí ẹlòmíì fi hàn.

Èwo ni mo fẹ́ kí wọ́n jí? Terranigma ṣáájú. Ọ̀nà tí Ark, akọni inú rẹ̀, fi ń gbé ilẹ̀ ayé dìde, lẹ́yìn náà ewéko, ẹyẹ, ẹranko, ènìyàn, títí àwọn ìlú fi ń gbòòrò, kò sí géèmù tó ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ idán rẹ̀ ṣe, torí ọ̀pọ̀ kì í lò ó, kí wọ́n sì tún ọ̀gá ọ̀tá tó ń jẹ́ Bloody Mary ṣe, ìpele yín ló ń pinnu bí ọ̀kọ̀ yín ṣe mú tó, ẹni tó bá sì yára dé ilé ńlá Sylvain, níbi tó wà, á jìyà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kó ìpele sí i níta. Panzer Dragoon Saga ti Saturn, 1998, díísìkì mẹ́rin, tẹ̀ lé e: ẹ ń yí ọ̀tá ká lójú ọ̀run láti wá ibi tí ara rẹ̀ ti rọ̀, nígbà tí agbára yín ń kún. Wọ́n ti tún Panzer Dragoon àkọ́kọ́ ṣe lọ́dún 2020, Saga ni wọ́n fi sílẹ̀. Vagrant Story ti ọdún 2000, kí wọ́n má yí nǹkan kan padà nínú ìtàn rẹ̀, kí wọ́n kàn dín pípààrọ̀ ohun ìjà kù, torí ìjà tó bá mú ohun ìjà kan dára sí ẹranko ló ń sọ ọ́ di aláìlágbára sí ènìyàn, ẹ ó sì máa ṣí mẹ́nù títí ọwọ́ á fi ro yín. Skies of Arcadia, èyí tí wọ́n gbé sórí GameCube, kọ́nsóòlù Nintendo, ti dín ìjà òjijì rẹ̀ kù, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ó lè ṣẹlẹ̀ o. Live A Live ti ọdún 1994 kò kúrò ní Japan títí di ọdún 2022. Moon, ọdún 1997, di èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2020. Ẹ wo iye ọdún tó wà láàárín wọn, kẹ́ ẹ bi ara yín bóyá bátìrì tó wà nínú kátírììjì yín lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ra gamebit àti CR2032 ẹlẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ihò ẹsẹ̀ – bá dí mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù síbí kẹ́ ẹ tó fi agbára fà á.