Kọ́bọ́ọ̀dù Ìdáná Nínú Bọ́ọ̀sì: Ẹ Jẹ́ Kó Fo Ojú Hítà Kọjá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọ̀gá káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé, oúnjẹ òde àríyá ni mò ń sè. Mo ra bọ́ọ̀sì Volkswagen Transporter tòkunbọ̀ kan tó ti Jámánì wá, mo sì fẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná sí i lọ́wọ́ òsì, lẹ́yìn awakọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé yọ, torí ọkọ̀ yẹn náà la fi ń kó ẹbí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ojú hítà kan, ìyẹn ihò tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà wọ inú ọkọ̀, wà lára ògiri ọkọ̀ gan-an níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù máa jókòó sí. Láti ilẹ̀ dé àárín rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9. Káfíńtà mi ní kí n fi páálí dí i, pé ta ló ń yáná ní Iléṣà. Ṣùgbọ́n a máa ń sùn sínú ọkọ̀ náà tí iṣẹ́ bá gbé wa dé Jọ́s lásìkò ọyẹ́. Báwo ni kí a ṣe é?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú orí ire ọkọ̀. Ẹ má dí i o. Ojú hítà ti wà níbẹ̀ kí kọ́bọ́ọ̀dù tó dé, kọ́bọ́ọ̀dù ló máa yà fún un. Kí káfíńtà gbé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù sókè kó lè fo ihò náà kọjá, kó má sì so ohunkóhun mọ́ ihò náà rárá. Ohun tí a bá so mọ́ ọn la ó máa tú ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Kẹ́ ẹ tó ra pákó, ẹ mọ irú hítà tí ẹ ní. Oríṣi méjì ló lè wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ọ̀kan ń fi omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ooru rẹ̀ tán nìyẹn. Èkejì ní iná tirẹ̀, dísẹ̀lì ló ń jó. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ tan hítà. Tí ẹ bá ń gbọ́ tík-tík-tík lábẹ́ ọkọ̀, pọ́ǹpù dísẹ̀lì rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Bí ẹ ṣe ní ẹ ń sùn síbẹ̀, ó jọ pé onídísẹ̀lì ni, òun ló sì gba ìṣọ́ra jù: afẹ́fẹ́ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde lè gbóná ju omi híhó lọ.

Fáànù inú hítà ló ń fẹ́ ooru kúrò lára irin rẹ̀. Tí ojú ọ̀nà bá dí, ooru á dúró sára irin náà títí hítà á fi pa ara rẹ̀. Ìyẹn ṣì kéré. Hítà yìí tún ń fa afẹ́fẹ́ láti inú ọkọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ lábẹ́ àga iwájú. Tí kọ́bọ́ọ̀dù bá bo ibi tó ń fà àti ibi tó ń fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà ni yóò máa gbé mì padà, yóò kú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ó sì rò pé hítà ló bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ owó mẹkáníìkì ti bá irú èyí lọ. Nítorí náà, ẹ wá ẹnu ìfà náà rí, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ gbayawu, kó sì jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń dín nǹkan, kó má bàa máa gbé èéfín òróró.

Ó yá, ìwọ̀n. Páìpù irú hítà kékeré bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó mílímítà 60, àyè ojú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin (square centimetre) 28. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ máa gbà jáde níwájú kọ́bọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po méjì ìyẹn. Tí ìdérí ihò náà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8, orí rẹ̀ á wà ní 13 sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí pákó ìdí kọ́bọ́ọ̀dù wà ní 18. Kí pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì délẹ̀, kí iwájú ìsàlẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ pátá. Tí ẹ kò bá fẹ́ kí ṣíbí máa yí wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi irin onínẹ́ẹ̀tì bò ó. Ẹ má tọ́jú kẹ́ẹ̀gì epo tàbí àpò gaàrí síbẹ̀. Àyè yẹn máa ń wu èèyàn.

Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni káfíńtà máa ń gbàgbé. Ooru a máa gòkè. Tí àlàfo bá wà láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri ọkọ̀, ibẹ̀ ni yóò gbà lọ sókè dípò kó jáde síwájú. Gọ́ọ̀mù funfun á rọ̀, ẹ̀yìn pákó á yọ lójú oríkèé. Ẹ kan áńgù alumíníọ̀mù mọ́ etí ẹ̀yìn pákó ìdí, kó kan ògiri ọkọ̀ lókè ihò náà. Kó má bàa máa pariwo lójú títì wa yìí, ẹ fa gọ́ọ̀mù pupa tí àwọn mẹkáníìkì fi ń lẹ ẹ́ńjìnnì sétí áńgù náà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú kẹ́ ẹ tó gbé kọ́bọ́ọ̀dù wọlé. Kò ní lẹ̀ mọ́ ògiri, á kàn rọ̀ bíi rọ́bà, ooru kò sì ní pa á lára. Ẹ má lo fóòmù. Abẹ́ pákó ìdí náà nílò àjẹkù páànù alumíníọ̀mù, ṣùgbọ́n ẹ fi wáṣà mélòó kan sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀. Páànù tó lẹ̀ mọ́ pákó á kàn gbé ooru fún un ni.

Marine board onídajì ínṣì ti tó. Ti ínṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin fi ìdajì wúwo jù ú lọ, ẹ̀yin lẹ sì máa gbé e. Afárá gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi ṣe egungun rẹ̀. Ìrókò lẹ́wà, àmọ́ kì í ṣe inú ọkọ̀. Ẹ kun gbogbo etí tí a gé, tí omi bá wọ ibẹ̀, pákó á wú.

Ní ti ìdè, ẹ lo ihò tí bóòtù àga tí ẹ yọ wà tẹ́lẹ̀: àga jáde, kọ́bọ́ọ̀dù wọlé. Ẹ fi irin áńgù ṣe ẹsẹ̀ fún kọ́bọ́ọ̀dù, kí ihò rẹ̀ bá ti ilẹ̀ mu, bóòtù mẹ́rin. Ẹ mú bóòtù àga náà dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á, kẹ́ ẹ ra irú rẹ̀ gan-an; èyí tí kò bá fi ọwọ́ wọlé ní yíyí mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má fi sípánà fipá mú un. Ìṣó tàbí okùn kò tó o. Kọ́bọ́ọ̀dù kílò 40 di òkò lẹ́yìn ọrùn awakọ̀ tí bírékì bá ká a mọ́. Tó bá di dandan láti lu ihò tuntun, kí ẹnìkan kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó. Páìpù bírékì, ti dísẹ̀lì, wáyà àti sàlẹ́ńsà hítà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá lu sàlẹ́ńsà yẹn ti mú èéfín apànìyàn wọ ibi tí ẹ ń sùn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ké tí èéfín bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀ tọ́ sí ọkọ̀ yín lọ́nàkọnà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí ẹ bá wakọ̀ dé Ifẹ̀, ẹ dúró kẹ́ ẹ tún bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì.

Sílíńdà gáàsì kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù yìí. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń tò sí, ibẹ̀ gan-an ni hítà ti ń fẹ́. Níta ni kó wà tí ẹ bá ń dáná. Tí ẹ kò bá lò ó, kó wà nínú àpótí irin tó dé pinpin, tí ihò rẹ̀ gba ilẹ̀ ọkọ̀ jáde, kí ihò náà sì jìnnà sí hítà àti sàlẹ́ńsà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, bọ́tìnnì hítà ni kẹ́ ẹ fi pa á, ẹ má fa wáyà bátìrì yọ. Yóò ṣì máa fẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó lè tutù. Ẹ dúró dè é kẹ́ ẹ tó tú bóòtù. Ẹ sì pa á kẹ́ ẹ tó wọ ilé epo. Ní ti káfíńtà yín, tí ẹ bá pinnu lọ́jọ́ kan pé ẹ kò fẹ́ hítà mọ́, ẹ yọ fíúsì rẹ̀ ná, lẹ́yìn náà kó dí ihò náà bó ṣe wù ú.