Ohun tí ẹni tó ń máàkì ń wá nínú rípọ́ọ̀tù láàbù

Àbúrò mi, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní rípọ́ọ̀tù pendulum (bọ́ọ̀lù tí a so mọ́ òwú, tó ń fì lọ fì bọ̀) tí o fi sílẹ̀ padà wá bá ọ pẹ̀lú 4 nínú 10, wọ́n fi báírò pupa kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé kò yé àwọn, bẹ́ẹ̀ ìwé tìrẹ ló gùn jù nínú ẹgbẹ́ yín. O wá ń béèrè bóyá Gẹ̀ẹ́sì rẹ ni kò dáa tó.

Mi ò rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo ti bá wọn dúró ti àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní ní láàbù níbí ní Àkúrẹ́, mo sì ti fi iná fóònù máàkì òkìtì irú ìwé bẹ́ẹ̀ lálẹ́ tí kò síná. Èyí tó máa ń sú mi jù ni ìwé gígùn tí kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ wà ní láàbù lọ́jọ́ náà.

Wo Procedure ná. Ìwé ìtọ́ni tí wọ́n pín fún yín ń pàṣẹ ni: "So bọ́ọ̀lù mọ́ òwú. Fì í. Ka ogún ìfì." Púpọ̀ nínú yín a kàn dà á kọ bó ṣe wà, bí ẹni tó ń rán ọmọ níṣẹ́. Ohun tí ẹ ti ṣe ni kí o ròyìn: a so bọ́ọ̀lù irin mọ́ òwú, a fì í, a ka ogún ìfì. Bí ẹ bá yí nǹkan kan padà, sọ ọ́. Bí òwú láàbù bá tán, tí ẹnì kan sáré lọ ra òwú ìránṣọ ní Ọjà Ọba, ó yẹ kó wà nínú ìwé, torí òwú míì máa ń nà tí irin bá fà á.

Theory kò gbọdọ̀ ju ààbọ̀ ojú ewé lọ. Fi ìtàn Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àtijọ́ nì, sílẹ̀ kó sinmi. Kọ T = 2π√(L/g) (T ni àkókò ìfì kan, L ni gígùn láti ibi tí a so òwú kọ́ dé àárín bọ́ọ̀lù, g tí ẹ ń wá ni bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan tó), fi hàn bó ṣe di T² = 4π²L/g, sọ pé tí a bá ya T² sórí L, slope rẹ̀ (bí ìlà náà ṣe ń gòkè tó) ni 4π²/g. Ó parí.

Ní ti table, kọ yúníìtì sórí òpó kọ̀ọ̀kan, má kọ ọ́ sára òǹkà kọ̀ọ̀kan. Stopwatch lè fi 40.13 hàn ọ́, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ kò yá tó bẹ́ẹ̀. Kí ojú tó rí i, kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́, nǹkan bí ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ti lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ka ogún ìfì ká tó pín in: àṣìṣe ọwọ́ náà yóò pín sí ogún pẹ̀lú. Kò sì sí ìdí tí wàá fi kọ g = 9.8137426 nítorí pé kalikulétọ̀ gbé e jáde. Kọ 9.8.

Ó wá ku Discussion, ibi tí máàkì pọ̀ sí, ibẹ̀ náà lẹ sì máa ń sá fún. O ní g tìrẹ jẹ́ 10.86, o sì kọ pé "àṣìṣe ọmọ ènìyàn" ló fà á. Àṣìṣe wo? Ní ìgbà wo? Mú table rẹ, wo ìlà tí L ti jẹ́ mítà kan. Ogún ìfì yẹ kó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40 níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 38 lo rí, mo lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìsí níbẹ̀: bí ẹni tó ń kà ṣe tu bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ló ti pe "ọ̀kan". Òdo ló yẹ kó pè. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá lọ tó tún bọ̀ ló tó di ọ̀kan. Ìfì 19 lẹ kà tí ẹ pín sí 20, T wá kéré ní ìdá 5 nínú 100, T² bọ́ sí nǹkan bí 0.90 ohun tó yẹ kó jẹ́, g sì fò kọjá 10.8. Mo ti rí òǹkà yìí nínú ìwé ẹgbẹ́ kan, tí gbogbo wọn kọ pé afẹ́fẹ́ ni.

Tí o bá fi ìlà mẹ́rin péré ṣàlàyé èyí, tí o sì fi ìṣirò rẹ̀ hàn, lọ́dọ̀ tèmi wàá gba máàkì ju ẹni tó mú 9.80 géérégé wá láìsọ nǹkan kan. Ẹni tó fi rúlà onígi àti òwú rí 9.80 géérégé, mo máa ń yẹ table rẹ̀ wò dáadáa.

Gíráàfù náà ń sọ̀rọ̀. Má fi tipátipá fa ìlà rẹ gba orí òdo. Tí ẹ bá wọn òwú nìkan, tí ẹ kò dé àárín bọ́ọ̀lù, slope kò ní yí padà, ṣùgbọ́n ìlà yóò gé òpó T² lókè òdo díẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí àárín rẹ̀ sí etí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ yóò gbé e sókè tó nǹkan bí 0.06. Ẹni tó bá rí ìyẹn tó sì sọ ọ́, inú mi a dùn sí i.

Precautions ńkọ́? Gbogbo yín lẹ máa ń kọ pé ẹ rí i dájú pé fáànù wà ní pípa. Lọ́jọ́ tí kò síná láti àárọ̀! Àmọ́ ọ̀rọ̀ fáànù kì í ṣe àwàdà o: tó bá ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀lù kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po dípò kó máa lọ kó máa bọ̀. Èyí tí ẹ ṣe gan-an ni kí o kọ, ì báà jẹ́ méjì péré.

Conclusion, ìlà méjì: iye g tí o rí àti bó ṣe jìnnà sí 9.8 tó. "Iṣẹ́ náà yọrí sí rere" kì í ṣe èsì.

Tí wọ́n bá gbà kí o tún un kọ, table àti gíráàfù ni kí o kọ́kọ́ ṣe, Discussion tẹ̀ lé e, kí o tó padà sí Procedure. Theory lo máa kọ gbẹ̀yìn. Jótà tí ẹ kọ òǹkà sí ní láàbù, tí ọ̀gá láàbù buwọ́ lù, pín in mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kódà tí epo àkàrà bá ti kán sí i.