Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Skéèlì Wo Ni Ká Yàn Lórí Ẹ̀rọ Atúnhùnṣe?

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ẹ̀rọ atúnhùnṣe, èyí táwọn olórin ń pè ní autotune, ló dá lórí ẹ̀dùn kan náà: ẹ yan kíì (nóòtì tó jẹ́ ilé orin), ẹ yan skéèlì (àwọn nóòtì tí orin náà ń lò), síbẹ̀ ohùn ń jáde bí ohùn ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Kí ẹ tó ka ìdáhùn, ẹ fi èyí sọ́kàn pé ẹ̀rọ náà kò mọ orin. Ó mọ bí ohùn tó wọlé ṣe ga tó, ó sì mọ àwọn nóòtì tí ẹ fún un láyè láti lò. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju kó fa ohùn lọ sórí èyí tó súnmọ́ jù nínú wọn.

Ibikíbi tí a bá ti sọ “ìṣísẹ̀ kan” nísàlẹ̀ yìí, láti eyín dùùrù kan sí èyí tó kàn án là ń wí, ìbáà jẹ́ dúdú tàbí funfun. Ìṣísẹ̀ 12 ló wà láti dò dé dò òkè. Sẹ́ǹtì 100 ló wà nínú ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣáàpù fi ìṣísẹ̀ kan ga ju nóòtì lásán lọ, fláàtì sì fi ìṣísẹ̀ kan rẹlẹ̀ sí i. Méjọ̀ ni skéèlì dò, re, mí, fà, sò, là, ti. Kọ́ọ̀dù ni nóòtì mélòó kan tó ń dún pọ̀.

Ìbéèrè: G ni orin wa ti bẹ̀rẹ̀, G náà ló parí sí, mo sì yan G méjọ̀ lórí ẹ̀rọ. Gbogbo rẹ̀ ló dára àfi nóòtì kan tí ohùn ti máa ń gbọ̀n rìrì. Mo gbọ́ ohùn náà láìsí ẹ̀rọ, akọrin kò ṣì í kọ. Kí ló fà á? (Agbohùnsílẹ̀)

Ìdáhùn: Ẹ wo àwọn kọ́ọ̀dù orin náà. Bí F méjọ̀ bá wà níbẹ̀, bóyá G, F, C, kí wọ́n tún padà sí G, a ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. G Mixolydian ni orin yín, ìyẹn skéèlì tó dà bíi G méjọ̀ àmọ́ tí nóòtì keje rẹ̀ fi ìṣísẹ̀ kan rẹlẹ̀. Ẹni tó ń fi sol-fa kọrin á gbọ́ ọ kíá: “ta” ni wọ́n ń kọ níbi tí ẹ ti ń retí “ti”.

G, A, B, C, D, E àti F ṣáàpù ló wà nínú G méjọ̀. Kò sí F lásán. Nígbà tí akọrin bá kọ F lásán, ẹ̀rọ á wo ọwọ́ ìsàlẹ̀, á rí E ní sẹ́ǹtì 100. Á wo ọwọ́ òkè, á rí F ṣáàpù ní sẹ́ǹtì 100 bákan náà. Àárín méjèèjì gan-an ni F wà. Kò sì sí ohùn ọmọ ènìyàn tó ń dúró gbọn-in lójú kan. Bó bá fi sẹ́ǹtì 5 péré ga, ẹ̀rọ á fà á sí F ṣáàpù. Bó bá fi sẹ́ǹtì 5 rẹlẹ̀, á já a sí E. Ibi tó ti ń sáré lọ sáré bọ̀ láàárín nóòtì méjì tí kò sí èyí tó tọ́ nínú wọn ni ìgbọ̀nrìrì yẹn ti wá.

C méjọ̀ ni kí ẹ yàn. A mọ̀ pé G ni ilé orin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í béèrè ibi tí ilé wà. Nóòtì méje kan náà ló wà nínú G Mixolydian àti C méjọ̀, ohun tí ẹ̀rọ sì nílò kò ju ìyẹn lọ. Bí ẹ̀rọ yín bá ní orúkọ Mixolydian lára, ẹ lè yan G Mixolydian tààrà. Ọgbọọgba ni yóò jẹ́.

Fún àwọn móòdù yòókù, ìyẹn àwọn skéèlì mìíràn bíi Mixolydian, ẹ dúró lórí nóòtì tó jẹ́ ilé orin, kí ẹ ka ìṣísẹ̀ wálẹ̀ láti mọ méjọ̀ tí ẹ máa yàn. Ìṣísẹ̀ 2 ni fún Dorian, 4 fún Phrygian, 5 fún Lydian, 7 fún Mixolydian. Fún Aeolian, tí í ṣe máínọ̀ lásán, ó yá kíákíá bí ẹ bá ka 3 gòkè. Bí àpẹẹrẹ, E Dorian, ẹ yan D méjọ̀. B fláàtì Lydian, ẹ yan F méjọ̀. Locrian náà wà, ìṣísẹ̀ 1 sókè ni tirẹ̀, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbé e wá fún yín láti kọ.

Ẹ ṣọ́ra fún orin tó ní kọ́ọ̀dù F méjọ̀ àti kọ́ọ̀dù D méjọ̀ pa pọ̀, torí F lásán wà nínú ti àkọ́kọ́, F ṣáàpù sì wà nínú ti èkejì. Ó sàn kí ẹ kọ àyípadà sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ̀rọ gba F láyè níbi tí kọ́ọ̀dù F bá ti ń dún nìkan, ju kí ẹ ṣí méjèèjì sílẹ̀ jálẹ̀ orin.

Ìbéèrè: Gbogbo wàhálà yìí! Ṣé mi ò lè fi í sí chromatic, tó ń gba gbogbo nóòtì 12 láyè, kí n sì lọ sinmi? (Akọrin)

Ìdáhùn: Ẹ lè fi í síbẹ̀ bí akọrin náà bá péye púpọ̀, tàbí bí orin náà bá ń gba orí eyín dúdú àti funfun kọjá láìyan èyíkéyìí sílẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ó pàdánù ààbò tí skéèlì ń fún yín.

Ẹ jẹ́ ká fojú nọ́ńbà wò ó. Akọrin fẹ́ kọ D, ó sì fi sẹ́ǹtì 60 rẹlẹ̀. Lórí chromatic, C ṣáàpù ti súnmọ́ ọn ju D lọ, sẹ́ǹtì 40 péré ló kù, nítorí náà ẹ̀rọ á gbé e lọ sí C ṣáàpù, àṣìṣe kékeré á wá di àṣìṣe ńlá. Lórí C méjọ̀, kò sí C ṣáàpù láti lọ. D wà ní sẹ́ǹtì 60, C wà ní 140, ohùn á sì padà sí D. Ààlà tó wà ní sẹ́ǹtì 50 lórí chromatic ti sún dé 100.

Àmọ́ ó níbi tí C méjọ̀ pàápàá kò ti fún yín ní àyè kankan: láàárín E àti F, àti láàárín B àti C. Mí sí fà, ti sí dò. Sẹ́ǹtì 50 náà ni ààlà ibẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ àṣìṣe lẹ́yìn tí ẹ ti yan kíì tó tọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Bí ohùn orin náà kò bá kọjá dò, re, mí, sò, là, skéèlì onínóòtì márùn-ún, pentatonic, lágbára ju méjọ̀ lọ, torí láàárín mí àti sò, ààlà ti dé sẹ́ǹtì 150. Kí ẹ sáà rí i dájú pé akọrin kì í gba fà kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ á sọ gbogbo fà di mí.

Ìbéèrè: A máínọ̀ ni orin mi. Mo rí máínọ̀ mẹ́ta lórí ẹ̀rọ: natural, harmonic, melodic. Èwo ni tèmi? (Òǹkọrin àdákọ)

Ìdáhùn: Kọ́ọ̀dù tó ń darí yín padà sí A máínọ̀ ló máa sọ ọ́. Bí E máínọ̀ tàbí G méjọ̀ bá ni, natural ni: A, B, C, D, E, F, G. Bí E méjọ̀ tàbí E7 bá ni, G ti di G ṣáàpù, harmonic sì nìyẹn. Bí ohùn bá ń gòkè gba F ṣáàpù àti G ṣáàpù lọ sí A, ẹ lo melodic níbẹ̀.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé G àti G ṣáàpù sábà máa ń wà nínú orin kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fi sí natural, G ṣáàpù á bọ́ sí àárín G àti A, á máa gbọ̀n bí a ṣe ṣàlàyé lókè. Bí ẹ bá fi sí harmonic, èyí tó burú jù ló máa ṣẹlẹ̀. G lásán wà ní sẹ́ǹtì 200 sí F àti sẹ́ǹtì 100 péré sí G ṣáàpù, nítorí náà ẹ̀rọ á gbé e lọ sí G ṣáàpù láìgbọ̀n rárá. Á jáde mọ́lẹ̀ kedere, ẹni tó bá gbọ́ á sì rò pé akọrin ló ṣì í.

Tí kọ̀ǹpútà bá ni ẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ yí skéèlì padà láti apá orin kan sí èkejì. Tí ẹ̀rọ kò bá lè yí padà láàárín orin, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Bypass sí, kí ẹ sì fi G àti G ṣáàpù sí i. Ẹ má ṣe fi Remove pe Bypass o. Remove yọ nóòtì kúrò, ohùn tó bá bọ́ síbẹ̀ ẹ̀rọ á fà á lọ sí ti aládùúgbò. Bypass ní kí ẹ̀rọ fi ohùn náà sílẹ̀ bó ṣe wọlé. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe fún orin blues, níbi tí ohùn ti máa ń dúró láàárín E fláàtì àti E nínú kíì C. Ẹwà orin náà ni ibi àárín yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ tún un ṣe.

Ìbéèrè: Mo ní ẹ̀rọ ègbè tí mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ó ń fi ohùn kejì gbè mí lókè. C méjọ̀ ni mo yàn, ó sì dùn títí a ó fi dé kọ́ọ̀dù E7. Ibẹ̀ ni ègbè ti máa ń korò létí. Ṣé ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni? (Onígìtá tó ń kọrin)

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Ohun tí ẹ sọ fún un gan-an ló ń ṣe.

Ègbè tí wọ́n ń pè ní third ń fo nóòtì kan lórí skéèlì, á sì mú èyí tó tẹ̀ lé e. Nínú C méjọ̀, bí ẹ bá kọ C, ó fún yín ní E, ìṣísẹ̀ 4. Bí ẹ bá kọ D, ó fún yín ní F, ìṣísẹ̀ 3. Ìṣísẹ̀ 4 ni fún C, F àti G. Ìṣísẹ̀ 3 ni fún D, E, A àti B. Ìdí nìyí tó fi ń béèrè kíì lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá ní kó máa fi ìṣísẹ̀ 4 gòkè ní gbogbo ìgbà, nóòtì mẹ́rin nínú méje á gbé ègbè jáde kúrò nínú kíì.

E, G ṣáàpù, B àti D ló wà nínú E7. Ẹ kọ E, ẹ̀rọ ka skéèlì C, ó fún yín ní G. Gìtá yín sì ń lu G ṣáàpù lásìkò kan náà. Nóòtì méjì tó fi ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo jìnnà síra ń dún pọ̀. Kò lè má korò.

Ọ̀nà tó dára jù fún ẹni tó ń ta gìtá fúnra rẹ̀ ni kó ki wáyà gìtá bọ ẹ̀rọ ègbè, kó sì yan ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka kọ́ọ̀dù. Àmọ́ ó ní ohun tí ẹ̀rọ ń fẹ́. Gìtá gbọ́dọ̀ wà ní tune. Ohùn gìtá gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ ní mímọ́, kó tó gba inú ẹ̀rọ tó ń mú un han gooro. Ẹ lu kọ́ọ̀dù náà tán ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlù, torí bí ẹ bá pẹ́, ègbè á ṣì wà lórí kọ́ọ̀dù àtẹ̀yìnwá. Nóòtì tó ń yà méjọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára máínọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá lu E àti B nìkan, power chord, kò sí bí ẹ̀rọ ṣe máa mọ̀ bóyá G ni tàbí G ṣáàpù. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní kíbọọ̀dù, MIDI, ìyẹn ọ̀nà tí kíbọọ̀dù ń gbà sọ nóòtì tí wọ́n tẹ̀ fún ẹ̀rọ mìíràn, dára ju gìtá lọ: ẹ̀rọ ò ní máa méfò, nóòtì tí wọ́n tẹ̀ gan-an ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ yín kò bá lè ka kọ́ọ̀dù, ẹ tọ́jú ètò kejì sínú rẹ̀ tó jẹ́ A harmonic máínọ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí E7 bá ti wọlé, kí ẹ sì padà sí C lórí kọ́ọ̀dù tó tẹ̀ lé e. E á fún yín ní G ṣáàpù. Ọgbọ́n kan náà ló wà fún D7, tí ẹ ó yan G méjọ̀ fún, àti C7, tí ẹ ó yan F méjọ̀ fún.

Ìbéèrè: Oníkíbọọ̀dù wa ní C là ń lò. Mo fi C sí i, gbogbo rẹ̀ dàrú. (Aláṣẹ ẹ̀rọ ohùn)

Ìdáhùn: Ẹ wo bọ́tìnì transpose rẹ̀, tó ń gbé gbogbo ohùn kíbọọ̀dù sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí +3 bá wà níbẹ̀, ìka rẹ̀ ló wà ní C. E fláàtì ni etí ń gbọ́. Onígìtá tó de capo (ohun tí wọ́n fi ń de okùn gìtá kí ohùn rẹ̀ lè ga) sí ojú ìlà kejì, tó sì ń lu G, A ló ń dún. Ohun tó ń dún ni kí ẹ fi tuner, ẹ̀rọ tó ń fi orúkọ nóòtì hàn, wò, kí ẹ má gbára lé ohun tí ọwọ́ ń ṣe.

Ẹ tún béèrè bóyá wọn á gbé kíì sókè níparí. Láti C sí D, nóòtì méjì péré ló yí padà. Láti C sí D fláàtì, márùn-ún nínú méje ló yí padà, bí ẹ bá sì gbàgbé láti yí i, kò sí ibi tí ẹ máa fojú pa mọ́ sí.

Ìbéèrè: Kíì tọ́, skéèlì tọ́, síbẹ̀ ègbè àti ohùn kò bá ohun èlò orin mu dáadáa, bí ẹni pé wọ́n rẹlẹ̀ tàbí ga díẹ̀ jálẹ̀. (Olùkà)

Ìdáhùn: Ẹ wo gíga A, nóòtì tí wọ́n fi ń tún ohùn ohun èlò ṣe. 440 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń gbà láìbéèrè. Bí ohun èlò bá wà ní 442, ó fi nǹkan bíi sẹ́ǹtì 8 ga. Bó bá wà ní 432, ó fi nǹkan bíi sẹ́ǹtì 32 rẹlẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa fa akọrin tó bá ohun èlò mu kúrò lára rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà tòótọ́ sí ojú ibi tí wọ́n ti ń yan A.

Ìbéèrè: Báwo ni kí ẹ̀rọ atúnhùnṣe ṣe máa yára fa ohùn akọrin tó? (Olùkà)

Ìdáhùn: Lórí Auto-Tune ti Antares, tó jáde lọ́dún 1997, Retune Speed, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń yára fa ohùn tó, ń lọ láti 0 dé 400 mílísẹ́kọ́ọ̀ǹdù. Ibi 0 ni ohùn rọ́bọ́ọ̀tì tí ayé gbọ́ lẹ́nu olórin Cher lọ́dún 1998 ti wá. Bí ẹ bá fẹ́ ohùn ènìyàn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 20 sí 50, kí ẹ sì fi etí gbọ́ ọ lórí nóòtì gígùn. Ẹ fi ẹ̀rọ atúnhùnṣe síwájú compressor (tó ń mú ohùn líle àti rírọ̀ súnmọ́ra) àti reverb (tó ń fi ìró yàrá kún ohùn), torí ohùn gbígbẹ tó dá wà ló mọ̀ ọ́n kà. Bí ìlù tàbí ohùn monitor (ẹ̀rọ tí akọrin fi ń gbọ́ ara rẹ̀) bá ń wọ inú máíkì, ẹ kọ́kọ́ yanjú ìyẹn, torí ẹ̀rọ á máa ka ìlù náà mọ́ ohùn akọrin.