Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Wàrà kọ́ ló la ọpọlọ àwọn ọmọ Jàmáíkà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Iṣẹ́ dókítà ló gbé ọkọ mi dé Kingston ní Jàmáíkà, èmi àti ọmọbìnrin wa sì ti wá bá a. Ọmọ náà ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ. Ẹnì kan ń ta pàúdà wàrà kan lórí WhatsApp. Ó ní ìwádìí tí wọ́n ṣe níbí fi hàn pé ó ń la ọpọlọ ọmọdé, pé àwọn tó mu ún ló ń gba owó tó pọ̀ nígbà tí wọ́n dàgbà. Ṣé kí n rà á? Ilé-ìwé wo ló sì máa tètè kọ́ ọmọ mi ní ABC àti ìwé kíkọ?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á.

Ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù, inú sì ti ń bí mi, kì í ṣe sí ẹ̀yin o, sí àwọn tó ń tà á ni. Wọ́n rí ìwádìí gidi, wọ́n yí i sódì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ agolo.

Ìwádìí náà wà lóòótọ́. Sally Grantham-McGregor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì West Indies ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Kingston ní 1986. Ọmọ 129 ni, láti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án dé mẹ́rìnlélógún, tí àìjẹunrekánú ti jẹ́ kí wọ́n kúrú ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́rin. Àwọn kan ń gba kílò wàrà kan lọ́sẹ̀. Àwọn kan ò gba wàrà, àmọ́ òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ń wá sílé wọn fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, ó ń fi han ìyá bí yóò ṣe máa bá ọmọ ṣeré. Àwọn kan gba méjèèjì, àwọn yòókù ò gba ìkankan. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ṣe é.

Ibi tí oníwàrà ti purọ́ nìyí. Nígbà tí ọdún méjì pé, wàrà ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, ohun tó ṣe fún ọpọlọ wọn pòórá. Ti eré ò pòórá. Nígbà tí wọ́n tó ẹni ọdún méjìlélógún, àwọn tí wọ́n bá ṣeré, wọ́n mu wàrà o, wọn ò mu ún o, ń gba owó tó fi nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ. Ìwé ìròyìn Science ló gbé e jáde ní 2014. Owó tí wọ́n ń kà sí wàrà lọ́rùn yìí, eré ló ni ín!

Irú eré wo? Kò sí ohun olówó ńlá ńbẹ̀. Ike omi tí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí tí wọ́n dé pa, páálí tí wọ́n gé ṣe ìwé àwòrán. Òṣìṣẹ́ náà á ṣe é, ìyá náà á gbà á ṣe níṣojú rẹ̀, á sì fi í sílé. Tó bá padà wá lọ́sẹ̀ kejì, á fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà: ó ń ṣa aṣọ, ó ń sọ pé èyí ṣòkòtò bàbá ẹ, èyí tìrẹ, mú tìrẹ wá. Ẹ fi Yorùbá ṣe é, ẹ má dá ẹni tó ní kí ẹ pa á tì lóhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọmọ tí ebi ń pa gbọ́dọ̀ jẹun. Èmi ò sì rí agolo yẹn, n kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi han dókítà ọmọ kó tó kan ẹnu rẹ̀. Àwọn ọmọ inú ìwádìí náà kì í ṣe ọmọ tó ń jẹun dáadáa, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò lè ṣèlérí ìdá 25 kankan fún tiyín.

Ní ti ilé-ìwé: ọmọ ọdún mẹ́fà ní í wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Láti mẹ́ta sí márùn-ún, ọ̀pọ̀ ń lọ sí basic school, tí ìjọ tàbí ará àdúgbò sábà máa ń dá sílẹ̀. Ìjọba náà ní infant school. Èyí tí kò tíì pé mẹ́ta, day nursery ni. Early Childhood Commission, àjọ tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ ní 2003, ló ń yẹ gbogbo wọn wò. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ àjọ náà hàn yín. Tí wọ́n bá ń kólòlò, ẹ máa lọ. Òfin 2005 sì ti ka nínà léèwọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ibi tí ẹ bá ti rí pàṣán, ẹ má wọlé.

ABC ńkọ́? Ọwọ́ ọmọ yín ò tíì gbó tó láti di pẹ́ńsùlù mú bó ṣe yẹ. Ibi tí wọ́n bá ti jókòó àwọn ọmọ ọdún méjì sídìí ìwé pé kí wọ́n máa tọ ìlà, mi ò ní fi ọmọ mi síbẹ̀. Ẹ wo ibi tí olùkọ́ ti ń jókòó sílẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, tó sì ń dúró kí ọmọ dáhùn.

Ohun tí ẹ ò bi mí nìyí: ṣé ọmọ náà ti ń pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi "màmá, omi"? Tí kò bá tíì máa ṣe é, èdè yòówù kó jẹ́, ẹ gbé e lọ sí kíníìkì lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ má dúró dìgbà tó bá wọlé ìwé.