Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣírò rẹ̀: bí a ṣe lo oṣù mọ́kànlá n'Ìbàdàn nígbà tí a ń gba ọmọ wa tọ́

Àǹtí mi, ẹẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè yín kí n tó dáhùn. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ibi iṣẹ́ yín fún yín, pé ẹ fẹ́ wá sí Nàìjíríà láti Amẹ́ríkà, kí ẹ gba ọmọ tí wọ́n ti fi fọ́tò rẹ̀ hàn yín ní ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí, kí ẹ sì gbé e padà, nígbà tí bàbá ilé yóò máa bá iṣẹ́ lọ lọ́hùn-ún. Ẹ béèrè bóyá ó ṣeé ṣe. Kò ṣeé ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi náà ti rò ó rí. Aṣọ oṣù mẹ́ta ni mo kó nígbà tí mo gbéra ní Houston. Oṣù mọ́kànlá ni mo lò n'Ìbàdàn.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ sọ di tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan (Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007), sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á fún oṣù mẹ́ta gbáko, láìdáwọ́ dúró, kí adájọ́ tó lè fọwọ́ sí i. Ìpínlẹ̀ mìíràn ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn nìkan ti ju ìsinmi yín lọ. Ti Amẹ́ríkà tún wà níwájú. Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn Hague lórí gbígba ọmọ láti ilẹ̀ òkèèrè, nítorí náà fọ́ọ̀mù I-600A, tí ẹ fi ń tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, lẹ ó kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n yẹ ilé yín wò, lẹ́yìn náà lẹ ó wá kọ I-600 fún ọmọ náà gan-an. Láti oṣù Keje ọdún 2014 ni òfin Amẹ́ríkà sì ti sọ pé àjọ tó ń ṣètò gbígba ọmọ, tí wọ́n fún ní àṣẹ, ló gbọ́dọ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, kódà fún orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú àdéhùn yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ ẹni tó lè bá yín ṣe é ní kíá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún un.

Mo mọ ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn. Àwọn kan ti sọ ọmọ títà di òwò nílẹ̀ wa, wọ́n ń kó àwọn ọmọbìnrin sínú ilé kí wọ́n máa bímọ fún títà, àwọn tọkọtaya tí ojú ń pọ́n sì ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí ni England ṣe fi òfin pàtàkì dí ọ̀nà gbígba ọmọ láti Nàìjíríà ní oṣù Kẹta ọdún 2021. Nítorí rẹ̀ náà ni àwọn aṣojú Amẹ́ríkà ní Èkó ṣe ń ṣe ìwádìí tiwọn kí wọ́n tó fún ọmọ ní físà, láti mọ̀ dájú ibi tí ọmọ ti wá àti bí ó ṣe di aláìlóbìí. Tiwa gba nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Ó ni mí lára, ṣùgbọ́n n kò ní fẹ́ kí wọ́n má ṣe é, torí pé bí ìyá kan bá wà níbìkan tó ń wá ọmọ yìí, èmi ni mo yẹ kí n kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa gbígbé ibẹ̀ gan-an, torí òun ni ẹnì kankan kò sọ fún wa. A gba yàrá méjì ní Àkóbọ̀, owó ọdún kan ni onílé gbà, pẹ̀lú owó ẹ́jẹ́ǹtì tó bá wa wá ilé àti ti àgírímẹ́ǹtì. Ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bá mi lọ, ó sì wọ ilé ìwé níbẹ̀. Bàbá wọn wà ní Houston, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru. Bí aago mẹ́fà àárọ̀ bá lù n'Ìbàdàn, aago méjìlá òru ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, aago mọ́kànlá. Àkókò yẹn ló máa ń sinmi díẹ̀, nítorí náà, lórí WhatsApp, kí n tó dáná ẹ̀kọ, ni gbogbo ìgbéyàwó wa wà fún oṣù mọ́kànlá.

Ọmọbìnrin wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí ní aago márùn-ún, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ó ti bọ́ra sílẹ̀, ó di kànìnkànìn mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi ọwọ́ òsì kan ògiri, ó dúró jẹ́ẹ́. Kò sunkún, kò pè mí. Ní ibi tó ti wá, ńṣe ni wọ́n máa ń tò kí wọ́n tó wẹ̀. Ó ń dúró de ìgbà tí yóò kàn án, nínú ilé tí kò sí ẹlòmíràn lórí ìlà. Àràárọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà kí ó tó sá fún omi, tó fẹsẹ̀ janlẹ̀ pé òun kò wẹ̀. Mo pe bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́ láti sọ fún un, a sì jọ sunkún ayọ̀. Oṣù mẹ́ta tí òfin ní kí a dúró, ohun tí a fi ṣe nìyẹn.

Àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, àwọn tí ìjọba fi ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ, máa ń wá láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á wo ibi tí ọmọ ń sùn, wọ́n á ṣí ìkòkò. Ẹ gbà wọ́n tẹ̀rín-tọ̀yàyà, ìwé tí wọ́n bá kọ ni adájọ́ yóò kà.

Ti ẹbí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò bàbá mi kan wá kí wa, wọ́n wo ọmọ náà títí, wọ́n ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn." Mo kúnlẹ̀, mo dá wọn lóhùn pé, "Bàbá, ìdí ọmọ mi náà ni mo fi í sí." Wọn kò sọ nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún máa wá, wọ́n ra bàtà fún un.

Fáìlì wa sọnù ní ọ́fíìsì kan lẹ́yìn ìdájọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án la fi wá a. Ẹ̀dà tí ilé ẹjọ́ lu òǹtẹ̀ mọ́, tí mo tọ́jú pamọ́, ló yọ wá. Ẹ gba mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì gba rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ bá san.

Lórí bàbá ilé: ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ọkọ mi rí lò, nígbà tí ẹjọ́ wa délẹ̀. Ọmọ náà ti mọ ohùn rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó wọlé, ọmọ wo ojú rẹ̀, ó sáré lọ gbé fóònù mi lórí tábìlì, ó gbé e fún un, kó lè padà sínú rẹ̀. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Títí di òní, ohun tó dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ má dá wá. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1993 lórí ìsinmi ìdílé fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjìlá láìgba owó nítorí gbígba ọmọ, bí ilé iṣẹ́ yín bá tóbi tó, tí ẹ sì ti pé ọdún kan níbẹ̀. Bí bàbá náà bá ní in níbi iṣẹ́ tirẹ̀, kí ó tọ́jú púpọ̀ nínú rẹ̀ di ìgbà tí ọmọ bá ti dé ọwọ́ yín, kí ó bá a gbé inú ilé kan náà kí wọ́n tó dé iwájú adájọ́. Kí ẹ̀yin sì wá owó ilé ọdún kan sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra.