Ẹ má sanwó ilé tí ẹ kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀

Òkun o, àbúrò mi ará Mopa. Ẹ ní ìwé PR Kánádà, ìwé àṣẹ láti máa gbébẹ̀ títí lọ, ti jáde, pé ẹ̀yin, ìyàwó àti ọmọ méjì ń lọ sí ìpínlẹ̀ Ontario nínú oṣù kẹsàn-án, kò sì sẹ́ni tó níṣẹ́ nínú yín. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ti sanwó ilé láti ìhín, àti owó oṣù mélòó ni onílé máa gbà. Ẹ má san kọ́bọ̀ kan. Ìsìnkú ìyá mi ló gbé mi wálé sí Kabba, iná ò sí láti àná, fóònù mi sì ti fẹ́ kú, ṣùgbọ́n màá sọ ohun tójú mi rí.

Ní 2019, mo ta oko kajú tí bàbá mi fi sílẹ̀ kí owó wa lè pé iye tí Kánádà fẹ́ rí ní báńkì. Mo rí ilé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Brampton, ìlú kan ní Ontario: yàrá méjì, ilé ìdáná tó ń dán gbinrin, 1,450 dọ́là lóṣù. Ọkùnrin tó ní òun ló nilé ní iṣẹ́ Olúwa ti gbé òun lọ sókè òkun, pé bí mo bá ti san owó oṣù àkọ́kọ́ àti ti oṣù ìkẹyìn, òun á fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. Ó tún gbàdúrà ìrìn àjò fún wa lórí fóònù, mo sì ń ṣe àmín. Mo ní kí àbúrò mi tó wà ní London bá mi san 2,900 dọ́là náà. Ìyàwó mi ní ọkàn òun ò gbà á. Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Ọjọ́ tí a dé, nínú oṣù kọkànlá, yìnyín ti bolẹ̀. Takisí já wa sílẹ̀ níwájú ilé náà, àwa márùn-ún pẹ̀lú báàgì mẹ́jọ. Mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ìyá ará Íńdíà kan ló ṣílẹ̀kùn, ìgbakọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọbẹ̀ ń ta sánsán lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ìwé tí mo nà sí i, ó wo àwọn ọmọ, ó ní ọdún kẹfà tí àwọn ti ń gbébẹ̀ nìyí. Àwòrán ilé rẹ̀ ni olè yẹn jí lò. Ọmọ mi tó kéré jù ní, "Dádì, ṣé ibí kọ́ nilé wa ni?" N kò rí nǹkan kan sọ. Ìyá yẹn ní ká wọlé títí takisí mìíràn á fi dé. Ó bu tíì fún wa, ata ilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé àwọn ọmọ ń wúkọ́. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ata ilẹ̀, ojú a máa tì mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi sùn ní pálọ̀ ọmọ Isanlu kan. Onílé tirẹ̀ náà ti ń kùn pé èrò pọ̀ jù. Ilé mọ́kànlá ni mo lọ wò, ìbéèrè kan náà ni níbi gbogbo: lẹ́tà iṣẹ́ dà? Kírẹ́dììtì, àkọsílẹ̀ bí o ṣe ń san gbèsè, ńkọ́? Ní Kabba níbí, bí ẹ bá fẹ́ gba yàrá àti pálọ̀, bàbá onílé á bi yín pé ọmọ ta ni yín, láti agbo ilé wo. Bó bá ti mọ ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí yín, ó ku owó ọdún kan. Ta ló mọ bàbá mi ní Brampton? Ajẹ́ǹtì kan fi ìka kan ti sítéètìmẹ́ǹtì báńkì mi padà sí mi lórí tábìlì, bí ẹni ti àwo ọbẹ̀ tó ti kan. Sítéètìmẹ́ǹtì tí mo torí rẹ̀ lọ Lokoja lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé báńkì ìhín ní mánijà tó máa fọwọ́ sí i kò sí nítòsí! (Bí ẹ̀yin náà bá ní ìwé láti gbà ní Lokoja, ẹ tètè jáde láàárọ̀, kí ẹ sì padà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ mọ ọ̀nà Obajana. Ọ̀rọ̀ ajínigbé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.)

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọ́fíìsì tí wọ́n ní ó ń ran àlejò tuntun lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi, ó kó ìwé pẹlẹbẹ méje fún mi, ó ní kí n kọ orúkọ sílẹ̀ fún ilé ìjọba. Mo ní ìgbà wo ló máa kàn wá. Ó ní ó lè tó ọdún mẹ́wàá. Èmi tí mò ń wá ibi tí ọmọ máa sùn sí! Ẹni tó gbowó ìwé lọ́wọ́ wa ní Abuja, tó ní bí a bá ti débẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé á yanjú, mo pè é títí, kò gbé e. Kí n má purọ́, irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ti ṣe ẹlòmíràn lóore, ọ̀fẹ́ sì ni fún oní-PR. Ẹ lọ, àmọ́ ẹ má gbójú lé e.

Onídùúró ló gbà wá. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Egbe, tí a pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló fọwọ́ sí i pé bí a kò bá san, kí wọ́n mú òun. Onílé jẹ́ bàbá ará Jàmáíkà, abẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀ ló fẹ́ fi háyà. Ó wo owó tó wà ní báńkì, ó pe nọ́ọ̀sì yẹn lójú wa, ó bi àwọn ọmọ ní kíláàsì tí wọ́n wà, ó parí. Nítorí náà, láti Mopa ni kí ẹ ti máa wá ọmọ Òkun, Yorùbá Kogi bíi tiwa, tó níṣẹ́ ní ìlú tí ẹ ń lọ, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí. Kì í ṣe owó lẹ máa tọrọ. Ẹ fi sítéètìmẹ́ǹtì yín hàn án kó tó fọwọ́ sí nǹkan kan, torí ẹrù ńlá ló fẹ́ gbé yẹn.

Nọ́ńbà SIN tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́, àkáǹtì báńkì, owó ọmọ tí ìjọba ń san, ìyẹn ò le, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣe é. Àdírẹ́sì fún káàdì PR ni kí ẹ má gbàgbé: bí ọjọ́ 180 bá kọjá tí wọn kò rí àdírẹ́sì Kánádà gbà lọ́wọ́ yín, ẹ máa tún sanwó lórí rẹ̀ ni. Bí onílé bá sì ní "hydro" kò sí nínú owó ilé, iná ló ń sọ o. Omi ni mo pè é, mo ní kò séwu, títí bíìlì fi dé lóṣù kìíní.

Ẹ tilẹ̀ béèrè oṣù mélòó. Ní Ontario, owó oṣù àkọ́kọ́ àti ìdógò owó oṣù ìkẹyìn nìkan ni òfin gbà kí onílé béèrè. Kò gbọ́dọ̀ gba owó pé bóyá ẹ máa ba nǹkan jẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di dandan kí ẹ kọ ṣẹ́ẹ̀kì oṣù iwájú sílẹ̀. Èmi ò mọ̀. Ẹnu ara mi ni mo fi ní màá san oṣù mẹ́fà, ìwà owó ọdún kan tó ti mọ́ wa lára nílé. Bàbá yẹn gbà á, ta ni kò ní gbà? Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ìyàwó mi ti ń ka ṣílè ra mílíìkì. Àmọ́ òfin yẹn ò ní kí ó fún yín nílé o. Ẹni tó níṣẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ mú, ìdí tí mo fi ń pariwo onídùúró nìyẹn. Bí ẹ bá rí ilé, ìwé àdéhùn ti ìjọba Ontario ni kí ẹ béèrè, èyí tó ti di dandan láti oṣù kẹrin 2018, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Bí ẹ bá yí ọkàn padà sí Alberta, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Kánádà, tiwọn yàtọ̀: ìdógò ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju owó oṣù kan.

Ìlú wo gan-an ní Ontario? Ẹ kò dárúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìtòsí Brampton, màá bi nọ́ọ̀sì wa bóyá ó mọ ẹni tí ẹ lè sùn sí pálọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.